Bí Wọ́n Ṣe Kí Kánsù Ní Igbein

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ̀yin tí ẹ ń yọjú wo ẹ̀yìn mi bóyá mọ́tò kejì ń kó ẹrù mi bọ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Kò sí mọ́tò kejì. Aró tó wà léèékánná mi yìí ni gbogbo ohun tí mo kó ti Abẹ́òkúta bọ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, ó ní òun ò lọ. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹ sì mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ ẹnu ò wọ́n mi rí.

Ìyá mi ló lé mi lọ. Ó ní ẹni tó fi Pólì sílẹ̀ torí pé oorun ń kùn ún ní kíláàsì, kó lọ síbi tí oòrùn ò ti ní jẹ́ kó sùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Súlè, ń rẹ àdìrẹ ní àdúgbò Igbein, ó sì ń tà á lọ́jà Ìtòkú. Ó ń wá ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Èmi náà ti rò ó pé kí oṣù mélòó kan tó pé, mo ti di ọ̀gá aláṣọ, wọ́n á máa pè mí ní alága. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín: omi ni mo pọn.

Mo wọ̀lú, mo wọ aró

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ò gùn. Láti Ìsẹ́yìn títí a fi kọjá Ìgbó-Ọrà, èjìká ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí ni mo sùn lé. Nígbà tí mo jí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti sùn tán? Èjìká mi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbí.”

Ẹ wò ó, ìlú yẹn ò tẹ́jú. Àpáta níbí, ilé lórí àpáta, ilé mìíràn bí ẹni pé ó gun ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn. Páànù gbogbo rẹ̀ ti pupa. Tí ẹ bá sì béèrè ọ̀nà, wọn kì í sọ fún yín pé ẹ yà lọ́tùn-ún. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ọmọ ta ni yín. Ọkùnrin tí mo bi léèrè ilé Ìyá Súlè bi mí lórúkọ ìyá mi, ó bi mí lórúkọ ìyá ìyá mi, ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan ní Ṣakí, ó ṣàpèjúwe ọ̀rẹ́ náà títí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó na ìka. Ẹ̀yìn mi gan-an ni ilé náà wà.

Ilé ńlá ni, ilé àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá àwọn bàbá wọn. Alhaji, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Súlè, ni olórí ilé. Òun náà ni gbogbo àdúgbò ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ó jókòó síwájú ilé, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo ní kí n fi hàn wọ́n pé wọ́n kọ́ wa nílé ní Ṣakí. Mo ju àpò sílẹ̀, mo na gbalaja. Mi ò wo ilẹ̀. Àṣé omi aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù ló wà níbẹ̀.

“Yéè!” obìnrin kan ké. “Ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú aró!”

Alhaji wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ọmọ ta nìyí?”

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Bàbá,” Ìyá Súlè dáhùn, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. “Wàsíù, láti Ṣakí.”

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀ nìyẹn, àbí wọ́n ní kó wá rẹ ara ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?”

Obìnrin tó ké yẹn di ikùn rẹ̀ mú kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa, torí pé ikùn náà tóbi. Ràmọ́tà lorúkọ rẹ̀, ìyàwó Súlè. Súlè fúnra rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ràmọ́tà sún mọ́ mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. A ò tíì fún yín níṣẹ́, ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi ni tí a bá ń wo ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni, ẹni tó bá ti jẹ́ ti ilé ọkọ, ọkọ rẹ̀ náà ni, ìbáà jẹ́ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sínú aró.

Láfún, àti ọpẹ́ àná

Láfún ni wọ́n gbé síwájú mi ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ọkà dúdú wò dàgbà, ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ó funfun, ó ń dán, ó ń gbọ̀n jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi Ràmọ́tà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ṣé ó ti jinná ṣá?”

“Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́!” ó kígbe sí gbogbo ilé. “Ọkọ mi ní láfún ò jinná!”

“Òun gan-an ni ò tíì jinná,” Ìyá Súlè ní. “Ẹ bá mi gbé e padà sórí iná.”

Mo jẹ ẹ́. Mo tún bù sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi ni mo ń jẹ ti ẹni tó bá pẹ́ dé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìkíní wọn. Àwa náà ń kí, ṣùgbọ́n tiwọn le. O ò lè kọjá lára ẹni tó ń fẹ́ná, kó o má kí i kú iná. Ẹni tó jókòó lásán, o máa kí i kú ìjókòó. Tí ẹnì kan bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìkíní, o ò gbọ́dọ̀ já a lẹ́nu, àgbà ò gbọ́dọ̀ já ọmọdé, ọmọdé ò gbọ́dọ̀ já àgbà. Ọpẹ́ ńkọ́? Mo bá ìyá kan gbé igbá lọ́jọ́ kan, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó dúpẹ́ àná. Lọ́jọ́ kẹta, ó rán ọmọ rẹ̀ wá dúpẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtiran èèyàn lọ́wọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí mo ṣàkíyèsí. Àwọn obìnrin ilé yẹn ní ẹnu ju abẹ lọ. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Alhaji bá ti sọ̀rọ̀ níta gbangba, kò sí èyí tó máa lanu ta kò ó. Ìyàwó ilé kì í jiyàn pẹ̀lú bàbá ọkọ lójú àlejò. Bó ṣe wà nìyẹn.

Oòrùn ò mọ ọjọ́ kílíníìkì

Iṣẹ́ aró, iṣẹ́ àárọ̀ ni. Wọ́n á ki aṣọ bọ inú ìkòkò, wọ́n á yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, wọ́n á wá lọ sá a sórí àpáta nígbà tí oòrùn ṣì ń gorí bọ̀. Tí o bá fi í sílẹ̀ láàárín, ó máa rí tótòtó bí awọ ẹni tó ní ìfo. Mo mọ̀, torí pé mo ti fi í sílẹ̀ láàárín rí. Ìyá Súlè fi aṣọ náà ránṣọ fún mi. “Kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ,” ó ní.

Ràmọ́tà ń ṣe gbogbo èyí tòun ti ikùn. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan tó ń sáré kiri láàárín ìkòkò, ń jẹ́ Abíọ́nà. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn orúkọ náà ni. Ràmọ́tà ló sọ fún mi níbi tá a ti ń fún aṣọ.

“Ẹ mọ sẹ́ńtà kékeré tó wà nísàlẹ̀ yẹn?”

Mo mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn kánsù ni, kò ju yàrá mélòó kan lọ, ẹni tó bá wúkọ́ lójúlé wa, wọ́n á gbọ́ ọ níbẹ̀.

“Àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ọ̀sán ni Abíọ́nà yàn láti dé. A débẹ̀, wọ́n ti ti géètì. Wọ́n bá gbé mi sórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù ńlá. Inú kòtò kan báyìí, òmíràn báyìí. A ò tíì débẹ̀ tí ọmọ fi dé. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta bátìrì ni mo bí i sí.”

“Ọlọ́kadà ńkọ́?”

“Ó dákú. Èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò pẹ́. Ó ní lẹ́yìn ìbí yẹn ni wọ́n tó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé tó bá tún lóyún, kí wọ́n máa wò ó déédéé. Oyún náà ló wà nínú yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì lọ.

“Kí ló dé?” mo bi í. Ojú mi là, mi ò mọ̀.

Ó na ọwọ́ sí aṣọ tó wà lórí àpáta. “Ta ló máa bá mi yí ìyẹn? Ẹ̀yin?”

Mo wo aṣọ tótòtó tó wà lọ́rùn mi.

“Abíọ́nà kan ti tó nínú ilé kan, ọkọ mi,” ó ní. “Mi ò fẹ́ èkejì.”

Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò lè sọ fún kánsù pé kí nọ́ọ̀sì máa wá lọ́sàn-án ni. Gbogbo wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó béèrè omi tútù.

“Kánsù yẹn,” Ìyá Súlè ní, “ṣé ó ní ilẹ̀kùn tí èèyàn ń kàn ni?”

Ewúrẹ́ tó ń gba bẹ́ẹ̀dì ní Kọ́bapẹ́

Ó wá jẹ́ pé kánsù fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wá kan ilẹ̀kùn tiwa. Wọ́n kéde pé àwọn máa ṣe ìpàdé pẹ̀lú ará àdúgbò lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá sọ ti jáde ṣáájú wọn: wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn tuntun sétí títì ńlá, ó ní iná, ó ní omi, wọ́n sì fẹ́ kó nọ́ọ̀sì Igbein lọ síbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ò pọ̀ tó ibi méjì. Inú Alhaji dùn sí i. “Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì!” ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ó ti rí ilé náà látinú mọ́tò ọmọ rẹ̀. Kò tíì rí i láti orí ọ̀kadà.

Láàárín ìgbà náà, wọ́n rán mi lọ sí Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Ṣágámù, kí n gbé aṣọ fún oníbàárà kan. Ràmọ́tà ní kí n ya ọ̀dọ̀ ìyá òun, ẹ̀bá títì ló ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́. Mo béèrè ohun tí ń jẹ́ ẹ̀gẹ́. Pákí ni, ẹ̀yin ará wa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pè é ní ẹ̀gẹ́ nílé, mo rò pé nǹkan tuntun ni mò ń jẹ.

Ìyá náà dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. “Ìwọ lọ́mọ tó dọ̀bálẹ̀ sínú aró.” Òkìkí mi ti ṣáájú mi dé Kọ́bapẹ́. Ó sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi, ó ń bá mi wí pé mo rù, pé ṣé wọn kì í fún mi lóúnjẹ ni, ó tún ń sun òmíràn.

Lódìkejì títì, mo rí ilé kékeré kan tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn. Ewúrẹ́ ń ti inú rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ tán.

“Ilé kí nìyẹn, Ìyá?”

“Ilé ìwòsàn wa ni. Nígbà kan.”

“Ta ló tì í?”

“Kánsù. Ṣùgbọ́n wọ́n bi wá o, irọ́ ò dáa. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n bi wá.”

“Kí lẹ wá sọ?”

“A dúpẹ́.”

“Ẹ dúpẹ́?”

“Àlejò á wá sílé ẹni, ká má dúpẹ́? Baálẹ̀ dìde, ó dúpẹ́. Àfáà dìde, ó dúpẹ́. Pásítọ̀ náà dìde, ó dúpẹ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ tún wà? Lẹ́yìn ọpẹ́ báyẹn, ta ló máa dìde pé òun ní ọ̀rọ̀? Wọ́n bá wọ mọ́tò. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ò wá mọ́.” Ó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà lórí iná. Kò bínú. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kàn ń ṣe é ní kàyéfì, bó ṣe ń ṣe èmi náà. “Mo sì ń rò ó títí dòní yìí: èwo nínú ọpẹ́ yẹn ni wọ́n gbọ́ bíi ‘ẹ kó o lọ’?”

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi

Mo sáré gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Igbein. Àwọn obìnrin gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, Ìyá Súlè wò mí, ó ń wò mí ṣáá, bí ẹni tó ń díwọ̀n aṣọ.

“Ìwọ la máa lò,” ó ní.

“Èmi? Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan, ìyẹn gan-an la fi máa lò ọ́. Tí àwa bá sọ ọ́, wọ́n á ní a ta ko Alhaji. Tí ìwọ bá sọ ọ́, wọ́n á ní ará òkè ni, kò mọ̀wà hù.”

“Òótọ́ sì ni,” Ìyá Tósìn ní. Aláró ni òun náà, onígbàgbọ́ tó ń gbé lójúlé kejì. “Alhaji ò níí fura sí ẹnikẹ́ni.”

Gbólóhùn kan ni wọ́n kọ́ mi: *Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún wa níbí, ẹ jẹ́ kó máa wá lọ́sàn-án.* Mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń pọn omi. Mo sọ ọ́ fún garawa, mo sọ ọ́ fún adìyẹ. Ràmọ́tà ń gbọ́ mi, ó ń sọ pé, “Ọkọ mi, ẹ má ṣe fi nǹkan kan kún un o. Gbólóhùn yẹn náà ti tó.”

Àmín tó kó bá mi

Iwájú ilé Alhaji ni ìpàdé náà ti wáyé, lọ́sàn-án, lábẹ́ ìbòòrùn. Àwọn bàbá jókòó níwájú, àwọn obìnrin lẹ́yìn. Ọ̀gá tó ti kánsù wá kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, tó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Ó ṣàlàyé ilé tuntun. Ó ní àwọn fẹ́ kí tálákà àti olówó máa rí ìtọ́jú kan náà gbà. Ó ní àwọn wo sẹ́ńtà Igbein, èèyàn kì í wá síbẹ̀ púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ káwọn mọ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wa. Mo gbọ́ tí Ìyá Súlè mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

Alhaji dìde, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ dáadáa.

“Ṣé ọ̀rọ̀ tún wà?” ọ̀gá náà bi wá.

Wọ́n fi ọ̀pá gún mi lẹ́yìn. Mo dìde. Mo ní, “Mo kí gbogbo àgbà.” Ẹ̀rín sọ nítorí ahọ́n ará òkè mi. Mo rí i pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí àlejò. Mo kí ọ̀gá kánsù. Ó mi orí. Mo ní, “Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́, sà.”

“Àmín!” gbogbo wọn dáhùn.

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, ẹnì kan ò tíì pariwo fún ọ̀rọ̀ ẹnu mi báyẹn rí. Ní Pólì, tí mo bá dìde, wọ́n máa ń ní kí n jókòó. Ó wọ̀ mí lára. Mo ní, “Ohun tí ẹ kọ́ ò ní wó.” “Àmín!” “Ẹ ò ní ṣìnà níbi tí ẹ ń lọ.” “Àmín!” Mo dijú, mo na ọwọ́ sókè. Mo gbàdúrà fún kánsù, mo gbàdúrà fún ọmọ kánsù, mo gbàdúrà fún táyà mọ́tò wọn. Ìgbà tí mo máa lajú, àwọn bàbá ti dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ. Ọ̀gá náà ti fi áńkáṣíìfù sápò.

“Ọmọ yìí káre,” ó ní. “Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á gba àdúrà ìparí yẹn.”

Ibikíbi tí ẹ bá lọ nílẹ̀ Yorùbá, àdúrà ló ń kásẹ̀ ìpàdé nílẹ̀. Mo ti kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Gbólóhùn kan tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ́ mi ṣì wà lọ́fun mi bí eegun ẹja. Mo wo Ìyá Súlè. Kò wò mí. Tó bá wò mí, ì bá sàn.

Ìgbà yẹn ni Ràmọ́tà gba àárín àga kọjá. Ó rìn lọ síwájú Alhaji àti ọ̀gá kánsù. Ó gbé ikùn rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó kúnlẹ̀, eékún méjèèjì. Bí ẹni tó fẹ́ kí wọn pé ó dàbọ̀.

“Bàbá, ẹ kú ìjókòó.”

“Oo, ọmọ mi. Dìde.”

“Ẹ kú ètò ìlú.”

“Oo. Ó tó, dìde.”

Kò dìde. “Ẹ kú oòrùn àárọ̀ tó ń bá wa gbẹ aṣọ.”

“Oo.”

“Ẹ kú ọ̀sán tí àwa aláró ń ráyè, tí sẹ́ńtà ti tì.”

“Oo…” Alhaji tẹjú mọ́ ọn. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń lọ, wọ́n dúró.

“Ràmọ́tà. Aboyún kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dìde, ọmọ mi.”

“Bàbá, mi ò jiyàn. Mo ń kí yín ni. Ìkíní mi ni ò tíì parí.”

Kò sẹ́ni tó lè já a lẹ́nu. Ìkíní ni. Ó yíjú sí ọ̀gá kánsù, orí eékún náà ló wà. “Ọ̀gá, ẹ kú ọ̀nà títì tí aboyún máa fi ọ̀kadà gbà. Ẹ kú kòtò ibẹ̀. Ẹ kú ọmọ mi tí mo bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òun ló dúró yẹn.” Ó nawọ́ sí Abíọ́nà tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ Ìyá Tósìn. Ọ̀gá náà wo ọmọ náà. Òógùn bo ọrùn rẹ̀, kò rántí áńkáṣíìfù.

Ìyá Súlè lọ kúnlẹ̀ tì í. “Bàbá, ẹ kú ẹ̀jẹ̀ ríru tí ò sẹ́ni tó ń bá wa wọ̀n ọ́n.”

Ìyá Tósìn náà kúnlẹ̀. “Ẹ kú ohun tí wọ́n ní a kì í wá sí. Ẹ kú wákàtí tí a ò rí wá.”

Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo aláró ti wà nílẹ̀, wọ́n ń kí. Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo ilẹ̀ kí n tó nà.

Ẹ̀rù Alhaji ló ń bà mí. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó ká tẹ̀súbáà mọ́wọ́.

“Ẹ dìde, gbogbo yín. Mo ti gbọ́ ìkíní yín.” Ó yíjú sí àlejò. “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọpẹ́ tí mo dú lẹ́ẹ̀kan, ọpẹ́ wíwá yín ni. Mi ò tíì dúpẹ́ ohun tí ẹ sọ.”

Ọ̀gá kánsù fa àga rẹ̀ padà, ó jókòó. “Ẹ̀yin ìyá, a rò pé ẹ ò fẹ́ ẹ ni. Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa wà?”

Ẹ wá wo wàhálà! Kò sẹ́ni tó ti bi wọ́n rí, wọn ò tíì fẹnu kò. Ọ̀kan ní lẹ́yìn ìrun Àílà. Ìyá Tósìn ní tó bá jẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì, òun ò ní lè wá. Arúgbó kan ní kó máa wá sílé òun, ilé òun tutù. Wọ́n pariwo títí, Alhaji náà dá sí i, ó bi Ìyá Súlè léèrè bí aṣọ ṣe ń pẹ́ tó lórí àpáta. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Kò bi í rí.

Ẹsẹ̀ ni

Ọ̀gá náà ò lágbára láti dá a ṣe, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Nígbà tó padà wá, ó ní nọ́ọ̀sì á máa wá sí Igbein láwọn ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó. Tí èèyàn ò bá wá, wọ́n á tì í. Ó ní kí wọ́n yan àwọn tí á máa bá kánsù jókòó. Àwọn bàbá ti fẹ́ yan ara wọn, Alhaji ní, “Àwa kọ́ là ń lóyún,” ó sì pe Ìyá Súlè àti Ìyá Tósìn síwájú. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì sọ ohun tí àwọn ń dúpẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ti Kọ́bapẹ́, ewúrẹ́ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo ń bọ̀. Ìyá Ràmọ́tà ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn náà ní irú ìkíní yẹn. Mo ní kí n lọ kọ́ wọn. Gbogbo ilé ní rárá, wọ́n ní kí n má gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyá mi gbà mí sílé, ó wo èékánná mi, ó ní ṣé aró nìkan ni mo rí kó bọ̀. Mo bi í pé níbo làwọn aboyún àdúgbò wa ń lọ báyìí, àti pé ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí i. Ó dáhùn èyí àkọ́kọ́. Ti ìkejì, ó ní òun ò mọ̀, pé kí n jẹ́ kí òun béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́lùbọ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn náà ń dúró de oòrùn.

Lánàá, fóònù mi dún. Ràmọ́tà ni. Mo gbọ́ ẹkún ìkókó lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ bá wa yọ̀ o. Obìnrin ni.”

“Ẹ kú ewu! Ara yín ńkọ́?”

“Ara le. Nọ́ọ̀sì ti rí i nígbà tó wọ̀n mí pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ máa ru, ó fún mi lóògùn, ó ní kí n má fi ara jìnnà.”

“Ọ̀kadà wo ló wá gbé yín lọ?” mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọ̀kadà kẹ̀? Mo ká aṣọ mi tán, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí sẹ́ńtà wa.” Ó rẹ́rìn-ín. “Mo tiẹ̀ dúró ra ọsàn lọ́nà.”